Ohùn Mẹ́ta Nínú Òkúta Tútù

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó lè pariwo nínú yàrá náà ni Ẹnjiníà ti pa lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ ìlà ojú kọ̀ǹpútà ń mí.

Ó ń mí, àbí kí la fẹ́ pè é? Á dúró gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, á wá rọra gbéra, á ga, á tún rọra sọ̀ kalẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, á sinmi. Tó bá ti sinmi tán, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún bá mi wò ó," ni Ẹnjiníà wí. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹfà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.

"Mo ti wò ó," ni Bàbá Yìnyín dáhùn látorí àkàsọ̀. "Tí mo bá tún wò ó, ojú ló máa tì í."

Obìnrin ni Ẹnjiníà yìí, ó ti lé lógójì ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣeé ṣàlàyé fún ará ilé. Wọ́n gbọ́ pé máíkíróweefu ló ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n rò pé èyí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan tiẹ̀ ti gbé tiẹ̀ tó bàjẹ́ wá bá a nílé, ó ní kó bá òun tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kọ orin kan ṣoṣo ni Ẹnjiníà ń ṣe, orin tó ga kọjá ohun tí etí ẹnikẹ́ni lè gbọ́, tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọkàn ẹ̀rọ náà ni òkúta sáfáyà kan tó mọ́ bí omi, tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ìgbì orin náà á máa sáré yí etí òkúta náà ká láìdúró. Bí òkúta náà bá ṣe tutù tó, bẹ́ẹ̀ náà ni orin rẹ̀ ṣe máa ń dúró sójú kan tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e sínú táǹkì hílíọ́mù, gáàsì kan tí wọ́n fi òtútù sọ di omi, níbi tí òtútù ti le débi pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí fúnra rẹ̀, yìnyín ló máa dà níbẹ̀.

Bàbá Yìnyín ló ni ìtọ́jú táǹkì. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí, ó sì mọ bí hílíọ́mù ṣe kù sí nínú táǹkì kó tó wo ohunkóhun. Á kàn gbé etí lé e ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣọ́ ìjì lójú òkun. Wọ́n ti fa ìlà pupa kan sójú ìwé àdéhùn àti sójú kọ̀ǹpútà: bí ariwo tó wà lára orin náà, èyí tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn, bá kọjá ìlà pupa yìí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, wọ́n á sì ti yàrá náà pa. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Ẹnjiníà ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kò tíì dé abẹ́ ìlà pupa lọ́jọ́ kan rí.

Kì í kúkú ṣe pé kò gbìyànjú. Ó ti lé ariwo bí ẹni ń lé eku nínú ilé. Pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ mú; ó gbé e lọ sí yàrá kejì. Ó kan ẹ̀rọ amúlétutù. Ó pa á, wọ́n sì ń làágùn níwájú ohun tó tutù jù nínú gbogbo ilé. Ó kan obìnrin tó ń nu ilẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ń ró kó-kó-kó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ́ bàtà. Ìyẹn bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò kí Ẹnjiníà mọ́. Ó kan fáànù ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá jáde. Ó pa òun náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá kan aago ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri, èyí tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ yàrá tó sì máa ń ké bí afẹ́fẹ́ gidi bá ti ń dín kù. Aago náà ń ta ìlà náà ní ẹ̀gún kékeré kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì. Ẹnjiníà gun àga, ó fa wáyà rẹ̀ yọ.

"Ẹnjiníà, ìyẹn kì í ṣe ariwo o," ni Bàbá Yìnyín wí. "Ajá ilé nìyẹn."

"Bàbá, ajá tó ń gbó nígbà tí olè ò sí, kí lẹ fẹ́ pè é?"

"Ajá tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Màá dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì."

Bàbá Yìnyín wo wáyà tó ń rọ̀ dirodiro náà. 

Ẹ̀gún náà kúrò lóòótọ́. Gbogbo ariwo tó lórúkọ ti kúrò. Ó wá ku ìmí yẹn nìkan.

Ẹnjiníà pe Ọ̀gá Àgbà lórí fóònù. Ọ̀gá Àgbà kì í wá sí yàrá òkúta. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń dun òun léegun.

"Ó kù díẹ̀, sà. Ariwo kan ló kù tí mi ò tíì mọ orísun ẹ̀."

"Ẹ tún ṣe," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé owó ni "Ẹ tún ṣe", Ẹnjiníà ì bá ti kọ́lé alájà mẹ́rin.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà burú ni èyí. Nínú òtútù yẹn, ibì kan wà tí òkúta sáfáyà kì í ti í mọ̀ bóyá òun ń gbóná ni tàbí òun ń tutù. Bí ooru bá yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, òkúta náà kò ní gbọ́. Á di adití sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo oníṣẹ́ yìí ń wá, nítorí pé bí òkúta bá ti débẹ̀, orin rẹ̀ máa ń dúró bí òpó. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ẹnjiníà bá a débẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lérán, ó ń retí kí ìmí náà kú.

Kò kú. Ó túbọ̀ hàn kedere ni.

Inú bí Ẹnjiníà débi pé ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó mú gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀ láti àárọ̀, ó mú un yára ní ìlọ́po ọgọ́ta, kí ohun tó ń gba ìṣẹ́jú kan lè di ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì so ó mọ́ gbohùngbohùn kékeré tó wà lórí tábìlì. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀tá rẹ̀.

Ohùn náà jáde. Kò dún bí irin, kò dún bí pọ́ǹpù. Ó ń kùn, bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń gba imú sọ̀rọ̀.

Hun-hún-hun. Ó dákẹ́. Hun-hún-hun.

Bàbá Yìnyín yọ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún. "Ẹ pa á," ló wí, jẹ́jẹ́.

Kí Ẹnjiníà tó na ọwọ́ sí i, fóònù rẹ̀ dún. Màmá rẹ̀ ni. Ọdún márùndínlógójì ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò nídìí àtúnṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ẹnjiníà gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn Màmá lè jáde síta.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Màmá, ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Mi ò bi ọ́ níbi tó o wà. Mo ní, ṣé o ti jẹun?"

"Màá jẹun, mà."

Màmá ń tẹ́tí sí nǹkan kan. 

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Èmi àti Bàbá Yìnyín ni."

"Kì í ṣe Bàbá Yìnyín. Ẹni tó ń kùn yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ariwo lásán ni."

"Ariwo kì í mí kó tó sọ̀rọ̀. Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Ẹnjiníà gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, síbẹ̀ irun apá rẹ̀ ti dìde.

"Re, mí, re," ni Màmá wí, bí ẹni tó dúró síwájú pátákó ìkọ̀wé. "Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn àárín. O ò gbọ́ bó ṣe ń yọ̀ wálẹ̀ látorí mí bọ́ sórí re? Irin kì í yọ̀ báyẹn. Ẹnu ló ń yọ̀ báyẹn. Ọ̀rọ̀ ni, ọmọ mi. Ohùn ọ̀rọ̀ là ń gbọ́, a ò gbọ́ kọ́ńsónáǹtì ẹ̀, a ò gbọ́ fáwẹ̀lì ẹ̀."

"Ẹ wá jẹ!" ni Bàbá Yìnyín kígbe látorí àkàsọ̀. "Re, mí, re. Ẹ wá jẹ. Mo mọ̀ pé ebi ló ń pa òkúta yìí látijọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Òun ti mọ ohun tí ohùn náà ń sọ. Ta ló tún fẹ́ sọ fún un? Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹ tún ṣe," ló wí. "Ẹ tún ṣe ló ń sọ. Òkúta náà ti wá di Ọ̀gá Àgbà."

"Má yára," ni Màmá wí. "Ohun tó bá ti wà lọ́kàn ẹni, òun ni etí ẹni máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti máàkì dìkítéṣàn ẹgbẹ̀rún ọmọ. Ọ̀nà tí re, mí, re lè gbà yà lé ní ogójì."

Àmọ́ ẹni tí inú ń bí kì í dúró ka ọ̀nà. Lọ́jọ́bọ̀, Ẹnjiníà ní kí wọ́n jẹ́ kí òkúta náà gbóná padà, kí wọ́n sì tún un tutù láti ìbẹ̀rẹ̀. Táǹkì hílíọ́mù kan péré ló kù.

"Tí eléyìí bá tán, ó tán o," ni Bàbá Yìnyín wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì mọ̀ pé a ò tíì tan fáànù."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi dà á. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Bàbá Yìnyín gun àkàsọ̀ lọ. Orí táǹkì náà ga, orí Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Hílíọ́mù ń hó, ó ń ṣe ṣìì, ó ń gba ẹnu táǹkì jáde díẹ̀díẹ̀. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè àjà ló máa ń forí lé, á sì ti afẹ́fẹ́ gidi kúrò níbẹ̀ láìṣe wàhálà. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa nítorí ẹsẹ̀ àwọn èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, òkúta dé ibi tó ti máa ń di adití. Ìlà náà ń mí, ó sì ń mí kíákíá báyìí. Kò sinmi mọ́. Re, mí, re. Re, mí, re. Bí ẹni tó ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́, tó wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé.

Màmá pè.

"Mi ò sùn dáadáa," ló wí. "Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. Ẹ tún ṣe. Ẹ sá lọ. Ẹ wá jẹ. Ẹ gbé e…"

"Ẹnjiníà!" Ohùn kan pè é láti òkè. Ó tín-ín-rín, bí ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹnjiníà gbójú sókè. Bàbá Yìnyín ni. Ó ti gbé etí lé ara táǹkì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu táǹkì. "Mo ń gbọ́ ọ o. Kì í ṣe ohùn nìkan. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an."

Ẹ̀rín pa Ẹnjiníà. Kò sí oníṣẹ́ hílíọ́mù tí kò mọ eré yìí. Ẹni tó bá fà á sínú, ohùn ọmọdé ló máa fi sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá," ló wí. Ohùn tiẹ̀ náà jáde bí ti ọmọdé. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ ta nìyẹn?" ni Màmá bi í. "Ọmọ kékeré wo ló gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ kọ́ nìyẹn."

"Èmi ni, mà. Afẹ́fẹ́ ibí ló…"

Màmá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó gbé ohùn tó fi ń kó ọgọ́ta ọmọ jáde nínú kíláàsì jáde, ohùn tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kì í dìde.

"Ẹ jáde! Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹ jáde!"

Ohùn náà kún yàrá. Ó lu ògiri, ó lu táǹkì.

Ìlà náà sì wálẹ̀.

Ó wálẹ̀ láìmí. Ó gba ìlà pupa kọjá, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó wá dúró níbi tí Ẹnjiníà kò tíì rí i rí láti ọdún mẹ́ta, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú ìkòkò. Kí kọ̀ǹpútà tó lè kọ ẹ̀rí tó pé sílẹ̀, ó gba ìṣẹ́jú-àáyá ọgọ́rùn-ún. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun jáde. Màmá ń pariwo orúkọ rẹ̀ nínú fóònù. Ó jókòó, ó ń kà. Ogún. Ogójì. Orí rẹ̀ fúyẹ́. Ọgọ́ta.

Nǹkan kan ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Bàbá Yìnyín nílẹ̀. Ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà, bí kò tiẹ̀ yẹ kó wò ó. Bàtà obìnrin tó ń nu ilẹ̀ máa ń mi ìlà yìí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbàlagbà kan ṣubú láti òkè àkàsọ̀ sórí ilẹ̀ kan náà tí táǹkì dúró lé, ìlà náà kò mì.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á. Ó di Bàbá Yìnyín mú lábíyá, ó wọ́ ọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló bá a gbé e dé ìta. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tó gbé iṣẹ́ wá dé. Wọ́n tan fáànù, wọ́n so wáyà aago padà, pọ́ǹpù ń ké, wọ́n ń rìn káàkiri pẹ̀lú bàtà wọn. Ìlà náà kò yẹ̀. Wọ́n ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n bọ Ẹnjiníà lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn ún.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?" ni olórí wọn bi í.

Ẹnjiníà la ẹnu. Láti ọdún mẹ́ta ló ti lè sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí ẹ̀rọ náà kò fi dára. Ní báyìí tó ti dára, kò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ," ni Ọ̀gá Àgbà wí láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àṣírí iṣẹ́ ni. Wọ́n ní ká ṣe mẹ́fà sí i. Irú òkúta kan náà, òtútù kan náà."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹnjiníà àti Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá Yìnyín ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sípò.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Ẹnjiníà wí, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fa wáyà yẹn yọ."

"Ẹ dìde. Kì í ṣe wáyà." Ó wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo ṣí fáàfù."

"Ẹ ṣí i? Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n ṣí i. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn látijọ́. Kì í ṣe Ẹ tún ṣe. Ẹ ṣí i ni. 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i.' Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yin náà á ṣí i."

Màmá ń fi ìka kọ ọ́ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Re, mí, re. Ó bá a mu.

"Mo ṣí i, ṣùgbọ́n wọn ò jáde," ni Bàbá Yìnyín ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n dúró. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn kì í dá jáde. Ìgbà tí Màmá ní kí wọ́n máa bọ̀ ni wọ́n tó gbéra."

"Èmi?" Màmá fi ọwọ́ lé àyà. "Ẹ̀yin ni mo ń bá wí! Ẹ̀yin àti ọmọ mi!"

"Ẹ jáde lẹ wí, mà. Ẹ ò sọ ẹni tó máa jáde, ẹ ò sì sọ ibi tó máa ti jáde."

 Nọ́ọ̀sì kan gba iwájú ilẹ̀kùn kọjá.

"Mo ní 'ẹ'," ni Màmá wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò jọ ti olùkọ́ mọ́. "Ẹ jáde ni mo wí, mi ò ní 'jáde'. Bóyá àgbà kan ni. Bóyá ẹnì kan péré ni, tó gbà pé mo bọ̀wọ̀ fún òun."

Bàbá Yìnyín mi orí.

"Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí àkàsọ̀ bí èrò tó ń jáde nípàdé. Wọ́n tutù. Oníkálukú ń dúpẹ́ bó ṣe ń kọjá. Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n."

"Ẹ kà wọ́n dé mélòó?" ni Ẹnjiníà bi í.

"Mo kà dé mọ́kànlélógójì, ojú mi wá ṣú." Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì dé ọrùn. "Nígbà tí mo ṣubú, wọn ò tíì jáde tán."